Ẹ ra hóró àlìkámà ní àpò, ẹ má lọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan

Sí Olóòtú,

Àdúgbò tí wọn kì í ti í dáwó jọ ra oúnjẹ pín ti ń ṣọ̀wọ́n báyìí. Ṣọ́ọ̀ṣì ń ṣe é, mọ́ṣáláṣí ń ṣe é, àwọn òṣìṣẹ́ inú ọ́fíìsì kan náà ń ṣe é, àwọn ayálégbé inú ọgbà kan náà ń ṣe é. Wọ́n á ra àpò ìrẹsì, àpò ẹ̀wà àti kẹ́ẹ̀gì epo, wọ́n á pín in, oníkálukú á gbé tirẹ̀ lọ sílé. Àlìkámà náà ti wọ inú ẹ̀, nítorí àwọn tí dókítà ní kí wọ́n dín fúláwà funfun kù, àti nítorí àwọn tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ ara wọn yan búrẹ́dì nílé.

Ibi tó ń dùn mí ni pé lẹ́yìn gbogbo wàhálà ọjà, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe àjọrà a máa gbé odindi àpò àlìkámà tọ ẹlẹ́rọ lọ, wọ́n á lọ̀ ọ́ tán lọ́jọ́ kan, wọ́n á wá pín ìyẹ̀fun dípò hóró. Kí oṣù méjì tó pé, ìyẹ̀fun á ti máa korò lẹ́nu, búrẹ́dì tí wọ́n bá fi yan á máa rùn bí epo tó ti pẹ́ jù, wọ́n á sì dá àlìkámà lẹ́bi. Àlìkámà kò ṣẹ̀ wọ́n. Wọ́n tètè lọ̀ ọ́ ni.

Hóró àlìkámà ní èèpo lóde, èyí tó máa ń di èérí tí a bá lọ̀ ọ́. Ó ní ojú kékeré kan ní ìdí, níbi tí ọ̀mùnú ti máa ń yọ bí a bá gbìn ín. Ìyókù ni funfun inú. Ojú yẹn ló gbé epo dání. Níwọ̀n ìgbà tí hóró kò bá tíì fọ́, epo náà wà ní àyè rẹ̀, atẹ́gùn kò sì lè dé ibẹ̀. Gbàrà tí ẹ̀rọ bá ti fọ́ hóró náà, epo pàdé atẹ́gùn, ó tún pàdé àwọn èròjà inú èérí tó máa ń tú epo sí wẹ́wẹ́, ooru ilẹ̀ wa tó ń lọ bí 30 °C sì ń lé gbogbo rẹ̀ sáré. Fúláwà funfun ilé-iṣẹ́ lè pẹ́ lórí àtẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù nítorí pé wọ́n ti yọ èérí àti ojú náà kúrò kí wọ́n tó dì í sápò. Tiwa kò lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, torí ohun tí a tìtorí ẹ̀ rà á ṣì wà nínú rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni kí ẹ kà fún ìyẹ̀fun odindi àlìkámà tó wà nínú ike onídèérí nínú ilé ìdáná. Bó bá wà nínú fíríjì, oṣù kan sí oṣù kan àtààbọ̀. Nínú fírísà tí iná rẹ̀ kì í lọ, oṣù mẹ́ta. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ fi ìka mú díẹ̀ sórí ahọ́n. Ìyẹ̀fun tó ṣì dára máa ń dùn díẹ̀. Èyí tó ti ń bàjẹ́ máa ń korò ní ẹ̀yìn ahọ́n lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé e mì, kò sì sí ṣúgà tó lè bo ìkorò yẹn mọ́lẹ̀ nínú búrẹ́dì. Hóró tó gbẹ dáadáa tí a sì dé pa kúrò lọ́wọ́ kòkòrò lè lo ọdún kan gbáko.

Nítorí náà, hóró ni kí ẹ pín. Ilé tó ń yan búrẹ́dì méjì lọ́sẹ̀, tí búrẹ́dì kọ̀ọ̀kan ń gba 500 gíráàmù ìyẹ̀fun, kílò kan ló ń lò lọ́sẹ̀. Kílò méjì ni irú ilé bẹ́ẹ̀ nílò láti lọ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Mo mọ̀ pé ẹlẹ́rọ kì í fẹ́ tan ẹ̀rọ nítorí kílò méjì. Ẹ̀yin tí ẹ jọ rà á náà ni kẹ́ ẹ jọ lọ̀ ọ́: ilé mẹ́wàá, kílò méjì méjì, ogún kílò nìyẹn, ó sì tó ohun tí ẹlẹ́rọ á dìde sí. Ẹ mú ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, kí ẹnì kan gbé e lọ, kí ẹlòmíràn gbé e lọ nígbà tó bá tún yí po.

Ní ti ọjà. Àlìkámà tí wọ́n ń gbìn ní Nàìjíríà, òkè ọya ló ti ń wá: Kánò, Jígáwá, Kébbì, Bọ̀rọ̀nú, Yóbè. Ìgbà ọyẹ́ ni wọ́n ń fi omi ìrinmi gbìn ín, oṣù Kẹta sí oṣù Kẹrin sì ni ìkórè rẹ̀. Ẹ̀wà tuntun ń bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti nǹkan bí oṣù Kẹwàá. Ẹni tó bá lè dúró kí ìkórè wọjà kó tó kówó lé àpò á rà á ní ẹ̀dínwó, ju ẹni tó rà á nígbà tí ti àtijọ́ ń tán lọ. Ní Ìbàdàn, Bódìjà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lọ fún hóró àti ẹ̀wà. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n tú ẹnu àpò, kẹ́ ẹ ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ títí dé ìgbọ̀nwọ́. Òkè àpò kì í sọ ohun tó wà nísàlẹ̀. Bí inú rẹ̀ bá gbóná ju òde lọ, kò tíì gbẹ nígbà tí wọ́n dì í, tàbí kòkòrò ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀.

Gbígbẹ ni ohun tó ṣe pàtàkì jù. Wọ́n máa ń ní kí a fi eyín gé e wò, pé tó bá ró kẹ̀kẹ̀ ó ti gbẹ. Ìyẹn dára, àmọ́ iyọ̀ dá mi lójú ju eyín lọ. Ẹ mú ìgò funfun tó gbẹ, ẹ da hóró sí i dé ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, kẹ́ ẹ da ṣíbí ìmùkọ kan iyọ̀ tó gbẹ lé e. Ẹ dé e, ẹ mì ín fún ìṣẹ́jú kan, ẹ gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi inú hóró náà ju ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Kò yẹ ní títọ́jú, á bu. Bí iyọ̀ bá ń ṣàn sókè sódò láì lẹ̀ mọ́ ibì kankan, ó wà ní ìwọ̀n tó lè pẹ́. Ìgò gbọ́dọ̀ gbẹ, iyọ̀ náà gbọ́dọ̀ gbẹ (ẹ yan án lórí iná díẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, kó tutù), bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi ara ìgò lẹ̀ ń wọ̀n.

Fún àgbàdo àti ẹ̀pà, ẹ ṣọ́ra gidigidi fún èyí tó ti bu, kódà kó jẹ́ díẹ̀. Olóró aflatoxin tí irú ìbu bẹ́ẹ̀ ń fi sílẹ̀ kì í kúrò pẹ̀lú sísè tàbí yíyan. Nítorí rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà ní Ìbàdàn, fi ṣe Aflasafe, tí àgbẹ̀ máa ń fọ́n sóko kí àgbàdo tó gbó. Ẹ ṣa hóró tó ti dúdú, tó ti hun àti èyí tó fọ́ kúrò, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé adìẹ á jẹ ẹ́.

Òṣùwọ̀n ni ìjà máa ń ti bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn tó jọ dáwó. Kóńgò kò dọ́gba láti ọjà kan sí òmíràn, àwọn kan ti lù ú wọnú nídìí, àwọn kan ń fi ọwọ́ gbé hóró sókè nígbà tí wọ́n bá ń bù ú. Tí ẹ bá fẹ́ kí àjọrà yín pẹ́, ẹ fi kóńgò sílẹ̀, ẹ dá owó ra síkéèlì kan tó lè wọn 30 tàbí 50 kílò. Ẹ máa dán an wò kẹ́ ẹ tó pín: ike omi lítà kan àtààbọ̀ tó kún dáadáa, omi inú rẹ̀ á wọn kílò kan àtààbọ̀, ike fúnra rẹ̀ kò ju nǹkan bí 40 gíráàmù lọ. Bí síkéèlì bá fi ju èyí lọ dáadáa tàbí kò tó o, ẹ tún un ṣe. Ẹ wọn abọ́ ní òfìfo, kẹ́ ẹ yọ ìwọ̀n abọ́ kúrò nínú ti olúkúlùkù, torí abọ́ ẹni tó mú irin wá wúwo ju ti oníke lọ.

Ìṣirò tó sì máa ń gbé akápò sínú gbèsè nìyí. Ká ní àpò ẹ̀wà 100 kílò jẹ́ ₦120,000, ọkọ̀ jẹ́ ₦4,000, alábàárù jẹ́ ₦1,000. Gbogbo rẹ̀ di ₦125,000. Ọ̀pọ̀ ń pín in sí ọ̀nà 100, wọ́n á ní kílò kan di ₦1,250. Ṣùgbọ́n àpò kì í jẹ́ 100 kílò oúnjẹ: òkúta, ìyàngbò, hóró jíjẹ àti àpò fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀. Bí ohun tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn fífẹ́ àti ṣíṣà bá jẹ́ 98 kílò, iye tí ẹ máa gbà lórí kílò kọ̀ọ̀kan ni ₦125,000 pín sí 98, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ₦1,276. Ẹni tó bá gba ₦1,250 lórí 98 kílò, ₦122,500 ló ń bọ̀ wálé, ₦2,500 ti já bọ́, akápò ni yóò san án lápò ara rẹ̀. Nítorí náà ẹ kọ́kọ́ fẹ́ ẹ, ẹ ṣà á, ẹ wọ̀n ọ́n, kẹ́ ẹ tó sọ iye kílò kan. Ẹ gba owó ṣáájú ọjọ́ ọjà, àmọ́ ẹ má tètè gbà á tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ óò fi máa tọ́jú owó ẹlòmíràn fún oṣù kan. Lẹ́yìn ọjà, ẹ ya fọ́tò rìsíìtì àti ojú síkéèlì, ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo ènìyàn lórí WhatsApp lọ́jọ́ náà. Ẹnì kan gba owó, ẹlòmíràn lọ sọ́jà, ẹnì kẹta wọ̀n ọ́n: ọwọ́ mẹ́ta ni kí ó kọjá.

Nípa ẹ̀wà, mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ nítorí oró. Ẹ gbé hóró ẹ̀wà sún mọ́ ojú dáadáa níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Bí ẹ bá rí àmì funfun tó kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ, tó lẹ̀ mọ́ èèpo rẹ̀, ẹyin kòkòrò nìyẹn. Ìdin á wọ inú hóró láti abẹ́ ẹyin náà, kò ní hàn síta, nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn kòkòrò á gé ihò róbótó jáde. Ìdí nìyí tí ẹ̀wà tó mọ́ tónítóní ní ọjọ́ pínpín fi lè máa rìn lábọ́ lọ́sẹ̀ kẹrin. Àwọn kan ń da oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń pè ní dichlorvos sí i. Èyí ni ohun tó mú kí Àjọ Ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ Nàìjíríà ní 2015, NAFDAC náà sì ti gbógun ti títa ìgò kékeré rẹ̀ lọ́jà láti 2019. Ẹnikẹ́ni nínú àjọrà tó bá dábàá kí a da oògùn lé oúnjẹ ọmọ ènìyàn, ẹ má gbà fún un. Oògùn oníkóró tí wọ́n ń fi sínú àpò, aluminium phosphide, burú ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú ilé: gáàsì tó ń tú jáde lára rẹ̀ ń pa odindi ìdílé lójú oorun.

Atẹ́gùn ni kòkòrò náà ń mí. Ẹ gba atẹ́gùn lọ́wọ́ rẹ̀. Àpò PICS ni wọ́n dìídì ṣe fún èyí: ọ̀rá méjì tó nípọn nínú àpò híhun kan. Ẹ kún ọ̀rá inú dé òkè, ẹ máa gbọ̀n ọ́n kí hóró lè jókòó, ẹ yí ẹnu rẹ̀ pọ̀ títí yóò fi le, ẹ ṣẹ́ ẹ po, ẹ so ó. Ẹ ṣe bákan náà fún ọ̀rá kejì, lẹ́yìn náà àpò òde. Ọ̀rá kọ̀ọ̀kan ní okùn tirẹ̀. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni ihò, nítorí náà ẹ má wọ́ ọ nílẹ̀, ẹ má gbé e síbi tí eku wà, ẹ má sì ṣí i lójoojúmọ́ bu kóńgò kan: atẹ́gùn tuntun lẹ̀ ń gbé wọlé. Ilé tó gba kílò mẹ́wàá lè lo kẹ́ẹ̀gì tàbí ike tó kún dé ẹnu rẹ̀ gan-an, pẹ̀lú ọ̀rá lábẹ́ ìdérí. Kẹ́ẹ̀gì tó kún dé ìlàjì kò lè ṣiṣẹ́, torí atẹ́gùn tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ ti tó kòkòrò. Fírísà tún dára fún díẹ̀díẹ̀: ọjọ́ mẹ́rin ní -18 °C á pa ẹyin pẹ̀lú ìdin. Ẹ jẹ́ kó gbóná padà nínú ọ̀rá náà kẹ́ ẹ tó tú u, kí ìrì má bàa sọ ọ́ di tútù. Àwọn ọ̀nà wọ̀nyí kan náà ló bá àlìkámà mu.

Lọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ, ẹ má fọ àlìkámà àfi bí ẹ bá lè sá a kó gbẹ bíi ti tẹ́lẹ̀. Fífẹ́ àti ṣíṣà ti tó. Ẹ wá ẹ̀rọ tí wọn kì í fi lọ ata tàbí ẹ̀gúsí, bí kò bá sì sí irú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo gbígbẹ kan fọ ẹnu rẹ̀, kẹ́ ẹ da ìyẹn nù. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ irin ìlọ̀ rẹ̀ máa ń já irin wẹ́wẹ́ sínú ìyẹ̀fun: ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì gba inú rẹ̀ kọjá. Bí ooru kò bá jẹ́ kí ọwọ́ lè dúró nínú ìyẹ̀fun tó ń jáde, wọ́n ti fún irin pọ̀ jù. Kí wọ́n dẹ̀ ẹ́, kí wọ́n lọ̀ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ tẹ́ ìyẹ̀fun náà sílẹ̀ lórí aṣọ mímọ́ títí yóò fi tutù kẹ́ ẹ tó dì í. Èyí tí wọ́n dì ní gbígbóná máa ń láàgùn nínú ọ̀rá, ibẹ̀ ni ìbu ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ní ti búrẹ́dì fúnra rẹ̀, ohun tí ẹni tó mọ fúláwà funfun lò kò mọ̀ ni pé èérí máa ń mu omi, ó sì máa ń pẹ́ kó tó mu ún tán. Ẹ bá a po omi bíi ti funfun, á dà bíi pé ó ti tó. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú á ti le bí òkúta, búrẹ́dì rẹ̀ á sì wúwo. Fún agolo búrẹ́dì kan tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 23, tó fẹ̀ tó 13: ìyẹ̀fun odindi àlìkámà 500 gíráàmù, omi 380 gíráàmù, iyọ̀ 9 gíráàmù (ṣíbí tíì kan àtààbọ̀), ṣúgà 25 gíráàmù, òróró 20 gíráàmù, yíìsì oníyẹ̀fun 3 gíráàmù, ìyẹn ṣíbí tíì kan tó tẹ́jú. Ẹ po ìyẹ̀fun pọ̀ mọ́ iyọ̀ àti 350 gíráàmù nínú omi náà, ẹ bò ó, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 45. Yíìsì kò tíì wọ ibẹ̀. Àkókò yìí ni èérí ń rọ̀ kó má bàa máa gé okùn inú ìyẹ̀fun, èyí tó ń di afẹ́fẹ́ mú. Lẹ́yìn náà, ẹ fi 30 gíráàmù omi tó kù yo yíìsì pẹ̀lú ṣúgà, ẹ dà á sí i, ẹ pò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kẹ́ ẹ wá fi òróró parí rẹ̀. Á máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́ díẹ̀. Ẹ fi òróró pa ọwọ́. Ẹni tó bá ń wọ́n ìyẹ̀fun sí i nítorí pé ó ń lẹ̀, ó ń ba ìwọ̀n omi jẹ́.

Ooru ilé ìdáná wa ló ń tan ọ̀pọ̀ jẹ. Ìlànà tí wọ́n kọ fún ilẹ̀ òtútù á ní kẹ́ ẹ fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ pò ó, kẹ́ ẹ jẹ́ kó wú fún wákàtí méjì. Ní 30 °C, omi tútù ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó láti wákàtí kan. Odindi àlìkámà kò ní okun tó lè gbé ìlọ́po méjì pẹ́: bó bá ti wú dé ìlọ́po kan àtààbọ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ ká a, ẹ gbé e sínú agolo tí ẹ ti fi òróró pa. Lẹ́ẹ̀kejì, ìṣẹ́jú 35 sí 45 ti tó, títí orí rẹ̀ á fi dé ẹnu agolo. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Bí ihò náà bá padà kíákíá, ẹ dúró sí i. Bó bá ń padà díẹ̀díẹ̀, ó ti yá. Bí kò bá padà rárá, ó ti kọjá àkókò, á sì rọ sílẹ̀ nínú iná. Ihò gbọọrọ lábẹ́ èèpo òkè búrẹ́dì, àṣejù wíwú lè fà á.

Iná 200 °C fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kẹ́ ẹ dín in sí 180 °C fún ìṣẹ́jú 25 sí i. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú agolo, ẹ fi ìka kan ìdí rẹ̀: bó bá dún bí ohun tó ṣófo, ó ti jinná. Ẹ má gé e fún wákàtí kan ó kéré tán. Inú rẹ̀ ṣì ń jinná lọ, ẹni tó bá gé e ní gbígbóná á rí ohun tó ń lẹ̀ mọ́ ọ̀bẹ, á sì rò pé iná ni kò tó.

Ẹni tí kò ní ààrò gáàsì lè lo ìkòkò oníyanrìn. Ìkòkò tó nípọn ni kó jẹ́, ìdérí rẹ̀ kí ó wúwo. Ẹ má lo ìkòkò tí wọ́n fi ọ̀dà àìlẹ̀mọ́ kùn nínú, torí ọ̀dà náà máa ń jó tí iná bá gùn ún láìsí omi. Yanrìn tó mọ́, tó gbẹ, kó ga tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin; ẹ fi irin tàbí òkúta mẹ́ta sórí yanrìn kí agolo má bàa fara kàn án. Ẹ dé e, ẹ gbé e lórí iná tó mọ níwọ̀n fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 25. Ẹ wọ́n ìyẹ̀fun díẹ̀ sórí ìdérí agolo kan, ẹ gbé e sínú rẹ̀. Bó bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú ní ìṣẹ́jú márùn-ún, iná ti dára. Bó bá dúdú kí ìṣẹ́jú mẹ́ta tó pé, ẹ dín in kù. Ẹ kó ẹ̀yinná èédú sórí ìdérí kí òkè búrẹ́dì lè pọ́n. Ìṣẹ́jú 45 sí 55 ló máa ń gbà, ẹ má sì ṣí i kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó kọjá.

Ọkà bàbà náà wúlò. Ṣùgbọ́n kò ní okùn tí mo sọ yẹn, nítorí náà kó má ju 100 gíráàmù lọ nínú 500 náà. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, búrẹ́dì á máa rún. Kí ó lè rọ̀, ẹ mú 50 gíráàmù nínú rẹ̀, ẹ fi 250 gíráàmù omi sè é bí ẹ̀kọ, ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá, kẹ́ ẹ pò ó mọ́ ìyókù. Ẹ yọ 250 gíráàmù yẹn kúrò nínú omi 380. Búrẹ́dì tí a ṣe báyìí máa ń rọ̀ di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn ọjọ́ kejì, ẹ gé gbogbo ohun tó bá kù, kó wọ fírísà, torí kò sí oògùn amúǹkanpẹ́ nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan fún àwọn onítọ̀ ṣúgà: búrẹ́dì odindi àlìkámà ṣì ń gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè, ìwọ̀n tí dókítà bá ní kẹ́ ẹ jẹ ni kẹ́ ẹ jẹ.

Àwọn kan máa ń sọ pé irú àjọrà báyìí jẹ́ ohun tí àìrówó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ wa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Rochdale, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní oṣù Kejìlá ọdún 1844, ènìyàn 28 dáwó pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan, wọ́n ṣí ilé ìtajà kékeré tí wọ́n ti ń ta fúláwà, bọ́tà, ṣúgà àti ọkà oat tí kò ní àbùlà, òṣùwọ̀n tó pé sì ni wọ́n fi ń tà á. Ibẹ̀ ni ìlànà ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti gbilẹ̀, tó fi dé ọ̀dọ̀ wa lábẹ́ òfin 1935, tí àwọn àgbẹ̀ kòkó wa sì fi kóra jọ. Òṣùwọ̀n tó pé ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, òun ni mo sì fẹ́ bẹ̀ yín lé lórí, Olóòtú.

Nígbà tí ẹ bá ń tẹ iye owó oúnjẹ ọjà jáde, ẹ máa fi iye kílò kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye kóńgò. Ẹ rán akọ̀ròyìn yín pẹ̀lú síkéèlì, kó wọn kóńgò kan ẹ̀wà olóyin ní ọjà mẹ́ta mẹ́rin lọ́jọ́ kan náà, kẹ́ ẹ tẹ gíráàmù tó bá rí jáde bó ṣe rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ bá wa bi àwọn ìyálọ́jà àti ìjọba ìpínlẹ̀ pé kí ló dé tí kò sí síkéèlì kan ṣoṣo lẹ́nu ọjà tí ẹni tó rajà lè gbé ẹrù rẹ̀ lé wò kó tó wọkọ̀.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ìbàdàn.